Sílẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Tẹ́lẹ̀

Ní Bonapriso, àdúgbò kan nílùú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé ilé àwọn ọmọ Priso ni, èdè méjì ni ìjọba ń lò: Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tó bá ń fi sampler ṣe orin níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gé ohùn tí sì ń dá a padà bí a bá tẹ bọ́tìnnì, yóò bá orúkọ méjì pàdé fún ètò ohùn tí a ti tò dáadáa tí a sì lè tún lò nínú orin mìíràn. Ọ̀kan ń jẹ́ preset, èkejì ń jẹ́ préréglage. Lórí àwọn méjèèjì ni “pre” jókòó sí, ohun tí ìyẹn sì ń wí ni pé “ṣáájú”. Ìdí nìyí tí ẹnu olùtumọ̀ fi máa ń yára sáré sí “tẹ́lẹ̀”: àtòtẹ́lẹ̀, àṣetẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé “pre” ti ṣi olùtumọ̀ lọ́nà. Àtòsílẹ̀ ló yẹ ká máa pè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Lọ́dún 1988 ni ilé iṣẹ́ Akai ti Japan gbé MPC60 jáde, ẹ̀rọ tí Roger Linn ará Amẹ́ríkà bá wọn ṣe, tó ní bọ́tìnnì 16 tí a ń fìka lù bí ẹni ń lùlù. Ká ní orin makossa ni olórin wa fẹ́ ṣe, orin ìlú Douala, èyí tí Manu Dibango, tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1933, fi àwo rẹ̀ Soul Makossa ti 1972 gbé délé dóko. Yóò gbé ìlù tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sí bọ́tìnnì kìíní, yóò gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òmíràn, yóò sì pín gìtá béèsì sí ègé ohùn kọ̀ọ̀kan lórí bọ́tìnnì tó kù. Yóò gé ìdákẹ́jẹ́ tó wà níwájú ègé kọ̀ọ̀kan kí ohùn má bàa fà sẹ́yìn, yóò bu ariwo èyí tó pọ̀jù kù, yóò wá kọ gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì. Nígbà tí orin kejì bá dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Yóò kàn gbé ètò náà jáde, yóò yí ìyára padà, yóò sì máa bá orin lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí wá ni Yorùbá ń pe irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ fetí sí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó ní “mo ti se ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀” sọ àkókò fún wa: ó sè é kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ọbẹ̀ náà lè ti tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní “mo ti se ọbẹ̀ sílẹ̀” ń sọ fún wa pé ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ó ń dúró de ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bàbá tó kọ́lé tẹ́lẹ̀ lè ti tà á. Bàbá tó kọ́lé sílẹ̀, àwọn ọmọ ló ń gbé ibẹ̀. “Kalẹ̀” náà kò bá a mu, nítorí ohun tí a tò kalẹ̀ dà bí ọjà orí àtẹ: a tò ó kí èèyàn lè rí i, a ó sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lálẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé a ní àsọtẹ́lẹ̀, kí ló wá ṣe àtòtẹ́lẹ̀? Àsọtẹ́lẹ̀ gan-an ló gbè mí lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ àkókò ni: a sọ ọ́ kó tó ṣẹ. Ẹlòmíràn lè ní “sílẹ̀” máa ń tọ́ka sí ohun tí a pa tì, bí ọkọ tó kọ aya rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ láti inú “kọ̀” ni ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ti wá. Bí a bá dín ata sílẹ̀, ta ló máa sọ pé a pa ata tì? Ti ẹni tó ní ká kúkú máa pè é ní preset bí àwọn olórin ṣe ń pè é, n kò bá a jà. A ti gba mọ́tò, a ti gba rédíò. Ṣùgbọ́n àtòsílẹ̀ ní ìdílé tí preset kò ní: a lè sọ pé “tò ó sílẹ̀ fún mi”, “èyí tí mo tò sílẹ̀ lánàá”, ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ yóò sì mọ ohun tí a ní kó ṣe.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àtòsílẹ̀ ń mú kí gbogbo orin jọra. Ẹ wo agbo dùndún. Wọ́n a fi awọ di ọ̀ṣán ìlù ìṣáájú pọ̀ láàárín kí ohùn rẹ̀ lè dúró sójú kan. Wọ́n a lẹ ìda mọ́ ojú gúdúgúdú. Àtòsílẹ̀ ni méjèèjì. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé ìlù kan náà ni wọ́n ń lù lọ́jọ́ gbogbo, torí orí ohùn tó dúró yẹn ni ìyáàlù dúró sí tó fi ń sọ ohun tó bá wù ú. Ata tí a dín sílẹ̀ kan náà ló ń di ọbẹ̀ ẹja lónìí, tó ń di ìrẹsì lọ́la.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí mo ń wí. Lórí irú àwọn sampler ìgbà yẹn, bí iná bá lọ kí a tó kọ ètò wa sórí díìsìkì, gbogbo rẹ̀ pòórá nìyẹn. Olórin náà tò ó tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Kò tò ó sílẹ̀.