Bí A Ṣe Lè Dín Eré Mọ́tò Iná Kékeré Kù Láìba Mọ́tò Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Mọ́tò iná ni à ń pe ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń mú yí, tí òun náà sì ń yí ẹ̀rọ iṣẹ́ oko. Nígbà tí a bá fi í sára ẹ̀rọ tí ń yín àgbàdo, eré rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù. Hóró àgbàdo a máa fọ́. Hóró tí ó bá sì ti fọ́, kòkòrò kì í pẹ́ wọ̀ ọ́, kò ṣeé fi ṣe irúgbìn, oníbàárà kì í sì í san owó gidi lé e. Ó tọ́ nígbà náà kí a dín eré kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a bá gbà dín in kù ni yóò pinnu bóyá mọ́tò yóò pẹ́ tàbí yóò jóná.

Mo ti bá ẹgbẹ́ kan pàdé tí wọ́n so régúlétọ̀ fáànù mọ́ mọ́tò wọn lásìkò ìkórè. Kí ọjọ́ tó kan àtàrí, èéfín ti ń jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi yín èyí tí ó kù, òjò sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tí ẹ ní. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tí a kọ̀wé sí lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó wà níwájú RPM ni iye ìgbà tí ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò oní-kapásítọ̀ tí a ń lò pẹ̀lú iná Nàìjíríà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,440 tàbí 2,850. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó so eré náà mọ́ ibẹ̀.

2. Ìdí tí régúlétọ̀ fáànù kò fi yẹ. Régúlétọ̀ ń dín fóltéèjì kù ni. Bí fóltéèjì bá di ìlàjì, agbára tí mọ́tò fi ń yí nǹkan yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Fáànù lè gbà á, nítorí bí eré rẹ̀ ti ń dínkù ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹrù ẹ̀rọ àgbàdo kì í fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò yóò máa jìjàkadì, yóò sì gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, swíìṣì kan tún wà tí ń yọ kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nígbà tí eré bá ti tó. Bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, swíìṣì náà yóò dá kọ́ìlì yìí padà sẹ́nu iṣẹ́, kọ́ìlì náà kò sì lè fara dà á pẹ́.

3. Púlì àti bẹ́líìtì ni ó dára jù. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa sá eré tirẹ̀, kí púlì dín eré ẹ̀rọ kù. Ẹ sọ eré mọ́tò di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú púlì rẹ̀, kí ẹ sì fi eré tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ fún un pín in. Bí mọ́tò bá ń yí ní ìgbà 1,440, tí púlì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3, tí ẹ̀rọ sì ń fẹ́ ìgbà 480:
1,440 × 3 = 4,320
4,320 ÷ 480 = 9
Púlì íǹṣì 9 ni kí ẹ fi sára ẹ̀rọ. Eré yóò di ìdá kan nínú mẹ́ta, agbára ìyípo yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ yín bá ń fẹ́ eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi irè, ẹ ra púlì onípele, kí ẹ máa gbé bẹ́líìtì láti ìpele kan sí èkejì.

4. Ìgbà tí a lè lo ọ̀nà mìíràn. Mọ́tò onífésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní VFD wà fún. Ó ń yí iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ padà pọ̀ mọ́ fóltéèjì, nítorí náà agbára kì í sọnù. Ó dára níbi tí a ti ń yí eré padà léraléra, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ó mọ́ mọ́tò oní-kapásítọ̀. Mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìlu-igi, lè gba régúlétọ̀ tí a ṣe fún un. Àmọ́ bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni eré rẹ̀ ń já wálẹ̀, kò sì bá iṣẹ́ àgbàdo mu.

5. Ìkìlọ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ sì dúró kí ẹ̀rọ sinmi pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan bẹ́líìtì. Kí púlì méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ẹ fi irin bo bẹ́líìtì, kí ẹni tí ó wọ agbádá tàbí tí ó fi ìborùn kọ́rùn má ṣe súnmọ́ ọn.

Kí ẹgbẹ́ yín tó náwó, ẹ kọ nọ́ńbà ara mọ́tò àti eré tí ẹ̀rọ ń fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un tọ oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Owó púlì kan kò tó owó mọ́tò tuntun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.