Ẹ Má Ta Oko Kòkó Nítorí Ìwé Onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ajue, ní Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó, èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ o. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà lè rí físà òṣìṣẹ́ onímọ̀ gbà lọ sí Ìlú Ọba. Àmọ́ tí ẹnì kan bá fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gáréèjì, tó ní kẹ́ ẹ mówó wá kí òun bá yín ra Certificate of Sponsorship, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́, ẹ sá fún un. Ìwé yẹn kì í ṣe ọjà. Agbanisíṣẹ́ tí ìjọba wọn fún ní láísẹ́ǹsì ló ń fún òṣìṣẹ́, àtọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 sì ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún un láti gbé owó ìwé náà lé òṣìṣẹ́ lórí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni wọn ò ti gba ẹni tuntun wọlé láti òkèèrè fún un mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni owó iṣẹ́ ọdún kan tó kéré jù tí físà òṣìṣẹ́ onímọ̀ ń béèrè fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ di £41,700. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ta ìlérí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó.

Ọdún mélòó ni bàbá yín fi tọ́ kòkó tẹ́ ẹ fẹ́ tà nítorí irú ìwé yìí kó tó so? Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí títa oko, ẹ mú orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wá, ká jọ wò ó.