Òótọ́ Dọ́jà, Kò Kùtà: Bí A Ṣe Ń Ta Bọ́ọ̀sì Tí Àtúnṣe Rẹ̀ Kò Parí

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó dá mi lójú pé ẹni tó pa òwe yìí kò ta Volkswagen àtijọ́ tí wọ́n tú kalẹ̀ sí ọgbà mẹkáníìkì ní Ìkòtún rí. Nínú irú ọjà yìí, èké ló ń kùtà, torí pé ẹni tó fẹ́ rà á kì í dá wá. Á mú panẹbítà tirẹ̀ dání, onítọ̀hún á sì ti yọ òòfà lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, á fi sápò. Ibi tí òòfà bá lẹ̀ mọ́, páànù ni. Ibi tó bá ti já bọ́, fíìlà ni wọ́n fi dí ihò ibẹ̀, ọ̀dà tó ń dán lókè kò sì lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wí ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kò ní rádíétọ̀, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Àwọn àgbà Èkó mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tó ń ṣe dánfó. Láti 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń sọ inú irú rẹ̀ di yàrá, pẹ̀lú ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù àti ibi ìdáná. Bràsíl ló to irú rẹ̀ kẹ́yìn, ní 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń tò nígbà náà ti ní rádíétọ̀, nígbà tí òfin wọn fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní airbag àti bíréèkì ABS. Èyí tó kù nílé ayé náà ló kù. Ìyẹn ló ń mú kí èèyàn ra òkú dánfó, kó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ilé tí òun á máa wà lọ sétíkun Badagry. Wẹ́dà gbowó, panẹbítà gbowó, owó ilé ìwé ọmọ dé, iṣẹ́ dúró.

Ẹni bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ẹ má ṣe ro gbogbo owó tí ẹ ti ná pọ̀, kí ẹ wá ní iye tí ẹ ó tà á nìyẹn. Omi ti dànù. Agbè tí kò fọ́ ni ṣáàsì àti ìwé ọkọ̀. Ẹ pe panẹbítà tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà rí, kó sọ iye tí iṣẹ́ tó kù máa gbà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí èyí tó ti parí ń lọ, kí ẹ tún yọ owó wàhálà ẹni tó máa parí rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni owó yín, bó tilẹ̀ dùn yín dé egungun. Kí ẹ tó dá iye lé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ bèèrè iye tí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń ra irin ní kílò. Ẹni tó bá ná an ní iye yẹn kò ra mọ́tò, irin ló rà.

Ní tèmi, ìwé ṣe pàtàkì ju ẹ́ńjìnnì lọ. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sára páànù nínú ihò ẹ́ńjìnnì, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi àkísà àti pẹtiróòlù nù ún títí yóò fi hàn, kí ẹ fi wé ti inú ìwé ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà tí kò mọ̀ lè ti gé ibẹ̀ dànù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló lè má bá ìwé mu, torí pé kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì dánfó. Ẹ wá rìsíìtì èyí tó wà níbẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpò Bagco tí gbogbo nọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kí ti bíréèkì wọ ọ̀rá tirẹ̀, kí ti ilẹ̀kùn wọ tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára. Èyí tó sọnù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù. Oníbàárà yóò kúkú mọ̀ tó bá dé ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípọ̀. Fọ́tò tí ẹ yà nígbà tí wọ́n ń tú ọkọ̀ náà, owó ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ sítáàtì rẹ̀ níwájú oníbàárà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ róbà epo. Róbà tó ti gan á máa kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ san gbèsè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú ọgbà kí oníbàárà tó wá. Panẹbítà tí ẹ jẹ lówó kò ní bá yín jà. “Ọ̀gá, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa o,” ni yóò sọ, ọjà bàjẹ́ nìyẹn.

Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nílùú. Inú áàpù báǹkì yín ni kí ẹ ti rí owó kí ẹ tó fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́. Kí ó gbé ọkọ̀ gun ọkọ̀ lọ, torí àwọn LASTMA tó ń mú ọkọ̀ lójú títì. Ẹ kọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ pa orúkọ dà lọ́dọ̀ MVAA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Bí orúkọ yín bá ṣì wà lórí ìwé, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá bí ọkọ̀ náà bá ṣẹ̀.