Àròkọ Alárìíyànjiyàn: Àyè Bísínẹ́ẹ̀sì fún Òbí Àgbà

Àlàyé

A ti sọ̀rọ̀ nípa àròkọ asọ̀tàn àti àròkọ aṣàpèjúwe nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú. Àròkọ alárìíyànjiyàn ni a fẹ́ yẹ̀ wò báyìí. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ojú méjì ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ nínú irú àròkọ yìí. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti wo ojú méjèèjì, kí o sọ ibi tí o fì sí, kí o sì fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ múlẹ̀. Agbẹjọ́rò tí kò mọ ohun tí alátakò rẹ̀ yóò sọ kò tíì ṣe tán àtilọ sí kóòtù.

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́:

(i) Wọ́n á máa kí alága, onídàájọ́ àti olùdíwọ̀n àkókò nígbà tí ìbéèrè kò sọ pé orí ìtàgé ni wọ́n wà. Bí ìbéèrè bá ní kí o jíròrò, lọ tààrà sí orí ọ̀rọ̀.

(ii) Wọ́n á máa bú àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ sí tiwọn. Èébú kì í ṣe ẹ̀rí.

(iii) Wọ́n á máa kọ gbólóhùn bí i “ìgbádùn ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.” Bí kò bá ṣe é sọ, kí ni o wá kọ? Sọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ rí i.

Orí Ọ̀rọ̀

“Àyè bísínẹ́ẹ̀sì ni ó yẹ kí ọmọ tí ó rí owó ná rà fún òbí rẹ̀ àgbà tí ó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ọ̀nà jíjìn.” Jíròrò.

Kí o tó mú gègé, fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè náà ró: *tí ó rí owó ná*, *àgbà*, àti *ọ̀nà jíjìn*. Bí o bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, o ti ṣìnà. Ìbéèrè yìí kò kan ọ̀dọ́ tí ó ń lọ láti Èkó sí Àbújá, kò sì kan ẹni tí yóò yá owó. Kò pọn dandan kí o ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí kí o tó lè dáhùn rẹ̀. Ohun tí ó pọn dandan ni kí o mọ ohun tí àwọn tí ó wọ̀ ọ́ ń rà, kí o sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ìlapa Èrò

(i) Ìfáàrà: ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí, ibi tí mo fì sí.
(ii) Ohun tí àyè bísínẹ́ẹ̀sì jẹ́.
(iii) Ìyàtọ̀ tí ó ń ṣe fún ara àgbàlagbà.
(iv) Yàrá ìsinmi ní pápákọ̀: àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀.
(v) Èrò àwọn tí kò fara mọ́ ọn.
(vi) Èsì sí èrò wọn.
(vii) Ìkádìí.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ní ayé òde òní, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun pọ̀ lọ jàra ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọ bá bímọ sí Atlanta tàbí Houston, ìyá ni wọn yóò ránṣẹ́ sí pé kí ó wá bá wọn wẹ ọmọ. Ìyá náà sì lè ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ohun tí ó sábà máa ń fa awuyewuye láàrin àwọn ọmọ ni irú àyè tí wọn yóò rà fún un nínú ọkọ̀. Ọ̀kan á ní kí àwọn ra èyí tí ó dára jù, èkejì á ní ìnákúnàá ni. Èrò tèmi ni pé bí owó bá wà nílẹ̀, tí ọ̀nà sì jìn, àyè bísínẹ́ẹ̀sì ni ó yẹ kí wọ́n rà, nítorí pé ibùsùn ni wọ́n ń rà fún ìyá wọn, kì í ṣe iyì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù lọ nínú ọkọ̀ òfurufú ni à ń pè ní ìkọ́nọ́mì. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í ya àyè mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò tí ó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì ní kíkún. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, bísínẹ́ẹ̀sì, ti wá. Àga tí ó fẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí nígbà náà. Nígbà tí ó di ọdún 2000, British Airways gbé àga tí ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ibùsùn wọ àyè bísínẹ́ẹ̀sì, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọlá nìkan, ó ti di ti oorun.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tí ó bá lọ tààrà láti Èkó sí Atlanta yóò lo nǹkan bíi wákàtí 12 ní òfurufú. Ẹni tí ó bá gba London kọjá lọ sí Houston yóò lo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dé London, yóò dúró de ọkọ̀ kejì, yóò sì tún lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá sí i. Nínú ìkọ́nọ́mì, láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn àga tí ó wà níwájú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi íńṣì 31 lọ. Orúnkún arúgbó tí ó ń ro ó yóò ká kò síbẹ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí àárín ni àga rẹ̀ bá bọ́ sí, ojú yóò máa tì í láti jí aládùúgbò rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ lọ tọ̀, nítorí náà kò ní mu omi. Nínú àyè bísínẹ́ẹ̀sì òde òní, ibùsùn tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àga náà ń dà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tuntun, olúkúlùkù ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀, tí kò ní gun ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2007 pé bí ènìyàn bá rìnrìn-àjò fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó jókòó sójú kan láìmira, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì. Lóòótọ́, ewu náà kéré: wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wà lára ohun tí ó ń fi kún un. Ẹni tí ó bá rí ibi na ẹsẹ̀, tí ó sì lè dìde nígbà tí ó wù ú, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ìrọ̀rùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì sábà máa ń ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ìsinmi tí à ń pè ní láúńjì. Ohun tuntun kọ́ ni èyí. Ní 1939 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines ti ṣí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní pápákọ̀ LaGuardia ní New York. Rántí pé ọmọ tí ó sin ìyá rẹ̀ dé pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò lè bá a kọjá ibi àyẹ̀wò. Láti ibẹ̀ lọ, ìyá dá wà. Bí ó bá ti tètè dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú bí wọ́n ti ń sọ, níbo ni yóò jókòó sí? Nínú láúńjì, ó rí àga tí ó rọ̀, oúnjẹ, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò jìnnà, àti òṣìṣẹ́ tí ó lè bi ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láúńjì, wọn kì í kéde ọkọ̀. Ojú pátákó tí ó ń kọ àsìkò ni ènìyàn gbọ́dọ̀ máa wò. Àwọn kan ti jókòó ti oúnjẹ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí kò bá lè ka pátákó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀ han òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pe òun bí àkókò bá tó.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní owó tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ìkọ́nọ́mì, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ kan náà ni, ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo èrò yóò gúnlẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n ní atẹ́gùn kan náà ni gbogbo wọn ń mí sínú, èyí tí ó fẹ́lẹ́ bí ti orí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, tí ó sì gbẹ. Òótọ́ ni èyí náà. Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó lọ, ibi yòówù kí ó jókòó sí. Wọ́n tún ní àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà láti ẹnu ọ̀nà dé inú ọkọ̀ kì í ṣe ti olówó nìkan: ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ara rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, bí a bá ti béèrè rẹ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni a lè san owó wọ àwọn láúńjì kan láìra tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì. Wọ́n parí rẹ̀ pé, “Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.”

Èmi náà gbà pé kò sí ọgbọ́n nínú kí ènìyàn jẹ gbèsè nítorí òru ọjọ́ kan. Bí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tàbí owó oògùn ìyá fúnra rẹ̀ ni wọn yóò fi ra àyè náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí wọ́n béèrè fún àga oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n tètè yan àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún un, kí wọ́n sì kọ́ ọ pé kí ó máa mu omi, kí ó máa mi ẹsẹ̀, kí ó sì fi oògùn rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́, kì í ṣe inú àpótí tí yóò wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí owó bá sì tó fún ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ìrìn-àjò náà, ẹ̀ka tí yóò gba òru ni kí wọ́n ra ibùsùn sí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ó rí owó ná. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé nítorí pé ìyá òun yóò dé náà, bí ó ti dé kò já mọ́ nǹkan. Ọjọ́ tí ó bá dé, òun ni wọn yóò gbé ọmọ jòjòló lé lọ́wọ́. Ẹni tí kò sùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, yóò kọ́kọ́ di ẹni tí à ń tọ́jú kí ó tó lè tọ́jú ẹlòmíràn.

Láti kádìí ọ̀rọ̀ mi, àyè bísínẹ́ẹ̀sì kì í mú ènìyàn tètè dé. Kì í bá ènìyàn gba físà, kì í sì í dín ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè Amẹ́ríkà kù. Oorun àti ibi ìnasẹ̀ ni ó ń tà. Ọ̀dọ́ lè ṣe aláìní ìwọ̀nyí fún òru kan. Egungun àgbà kò lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó ra ibùsùn náà fún òbí rẹ̀.

Àkíyèsí

(i) A mú àròkọ yìí gùn ju èyí tí ìwọ yóò kọ ní yàrá ìdánwò lọ, kí o lè rí bí èrò ṣe ń so mọ́ra. Dín in kù bí àkókò bá ṣe gbà ọ́ láyè.

(ii) Wo ìpínrọ̀ karùn-ún: a yin láúńjì, a sì sọ ewu rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ibi tí nǹkan kù sí ni olùyẹ̀wò máa ń gbà gbọ́.

(iii) Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sọ pé “òótọ́ ni” fún àwọn alátakò. Èyí kò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́, nítorí pé a padà síbi tí ìbéèrè ti sọ “tí ó rí owó ná.”

(iv) Òwe mẹ́ta péré ni a lò, alátakò ni ó sì ni ọ̀kan nínú wọn. Má ṣe da òwe sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kọ ìlapa èrò fún ẹni tí ó tako orí ọ̀rọ̀ yìí. Má ṣe lo ọ̀rọ̀ owó nìkan.

2. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó wà ní òkè òkun, kí o sọ fún un irú ìrànlọ́wọ́ tí bàbá yín yóò nílò ní pápákọ̀ àti nínú ọkọ̀.

3. “Ó sàn kí òbí àgbà dúró sí ilé, kí àwọn ọmọ máa wá kí i, ju kí ó máa lọ sí òkè òkun lọ.” Jíròrò.