OHUN TÍ ÀRÁ Ń FI SÍLẸ̀ NÍNÚ YANRÌN

Ra'd, èyí tí í ṣe àrá, ni orúkọ Súrà 13 nínú Al-Kùránì. Nínú ẹsẹ 12 àti 13 rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: barq ni mànàmáná tí ojú ń rí; ra'd ni àrá tí etí ń gbọ́; sawā'iq ni àwọn àrá tí ń bọ́ lu nǹkan. Ẹ̀kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Kí ni àrá ń fi sílẹ̀ níbi tí ó bá bọ́ sí? Àwọn baba ńlá wa ní ẹdùn àrá ni, pé Ṣàngó ni ó jù ú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti yẹ òkúta wọ̀nyí wò: àáké tí àwọn ará ìgbàanì pọ́n kí irin tó dé ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw hú irú wọn jáde ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 1965. Òjò ní í máa ń fọ erùpẹ̀ kúrò lórí wọn. Ẹni tí ó bá rí wọn lẹ́yìn òjò a rò pé ọ̀run ni wọ́n ti bọ́.

Dígí ni àrá ń fi sílẹ̀ nínú yanrìn. Yanrìn funfun kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru mànàmáná lè tó 30,000, nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti ojú òòrùn. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, yanrìn ti yọ́. Bí ó bá dì, ó di ọ̀pá oníhò tí ó yà bíi gbòǹgbò igi. Inú rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ rí págunpàgun. Fulgurite ni wọ́n ń pè é. Ní 1996, wọ́n wa ọ̀kan ní Florida, ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀ka rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17. Òmíràn wà láti aṣálẹ̀ Íjíbítì tí ó ti tó nǹkan bí 15,000 ọdún. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú dígí rẹ̀ fi hàn pé koríko ti hù rí níbẹ̀.

Yanrìn kò jalè, síbẹ̀ àrá lù ú. Láyé àtijọ́, bí àrá bá pa ènìyàn, wọn a ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ará ilé rẹ̀ a sì san owó ìtanràn fún àwọn oníṣàngó kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan òkú, kí a má sì fi dójú ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìjànìkìn, bí àrá bá ń sán, ẹ kúrò ní pápá, ẹ má sá sábẹ́ igi; inú ilé ni kí ẹ wọ̀. Bí ó bá lu ènìyàn, iná kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Bí kò bá mí, kí àgbàlagbà máa tẹ àyà rẹ̀ léraléra, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí Ọlọ́hun là wá lóye, kí Ó sì dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.