Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akọ̀wé: Bí A Ṣe Ń Ran Ẹni Tuntun Lọ́wọ́ Láti Fi Linux Sórí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́

Nínú ìbẹ̀wò wa sí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìbéèrè kan ni àwọn akọ̀wé ń bi wá lemọ́lemọ́: kí ni kí àwọn ṣe sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Windows 10 wà lórí rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gbé Windows 11. Ẹgbẹ́ tí kò ní owó láti ra tuntun kò gbọdọ̀ torí èyí da èyí tí ó ní nù.

Linux jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí Windows ti ń ṣe. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń bá a ṣe é, bí ìgbà tí a bá bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì fún aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, òfin kò ní mú un. Oríṣiríṣi ni ó wà. Linux Mint ni a yàn fún ẹni tuntun, nítorí ìrísí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Windows. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB yóò gbé e.

Kí olùrànlọ́wọ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó bèèrè ibi tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Lẹ́nu iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun tí ó wà nínú òun. Ẹni tí ó bá dáhùn láìronú, àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, ti ẹ̀yáwó àti ti àwọn onígbọ̀wọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ọdọọdún bí ìyá kan bá dìde pé òun ti san ẹ̀yáwó òun tán, tí akọ̀wé kò sì rí ibi tí ó kọ ọ́ sí! Nítorí náà, ẹ da gbogbo fáìlì kọ sórí fláàṣì méjì. Kí akápò mú ọ̀kan, kí akọ̀wé mú èkejì. Ẹ ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ sì tẹ iye owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sórí bébà.

Fláàṣì kẹta, tí ó tó 8GB, ni a ó fi gbé Linux Mint; ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́. Dída fáìlì Linux kọ sórí rẹ̀ lásán kò tó. Ètò tí a ń pè ní Rufus ni a ó fi kọ ọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fláàṣì náà bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F12 lemọ́lemọ́ bí ó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo. Ti HP, Esc ni, lẹ́yìn náà F9.

Linux yóò ṣí láti inú fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má kánjú kọjá ibí yìí. Kí akọ̀wé lò ó fún wákàtí kan, kí ó dán Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, kí ó sì fi LibreOffice Calc ṣí ìwé owó ẹgbẹ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó pa á, kí ó yọ fláàṣì. Windows rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí bátìrì kún kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà lè má ṣí mọ́.

A ti rí àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ń gba máòsì lọ́wọ́ akọ̀wé, tí wọ́n sì ń sáré tẹ nǹkan. Ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá rin ìrìn àjò, ẹgbẹ́ kò ní lè san ẹ̀yáwó fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí ìṣòro bá dé, kí ó kọ ohun tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ó ti rí gẹ́lẹ́, kí wọ́n sì tún ohun kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tún un tàn, kí ẹ yan Compatibility mode. Bí Wi-Fi kò bá sí, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù náà ṣí Driver Manager, kí ó wá ohun tí ó kù. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn nígbà gbogbo tí a bá yọ ọ́ lára iná, ẹ má dá Linux lẹ́bi: bátìrì kékeré roboto tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ọjọ́ èké má baà wọ inú ìwé owó.

Ohun kan dùn mọ́ wa: bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì lè kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Fún oṣù kan àkọ́kọ́, kí akọ̀wé máa fi gègé kọ gbogbo owó tí ó wọlé sínú ìwé pẹ̀lú. Ní ìparí oṣù náà, kí akápò fi ìwé náà wé ti Calc, kí òun àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí i.