Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Sìgá Inú Ọkọ̀

Àkànní, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo tún dúpẹ́ pé o fi ọkọ̀ rẹ gbé mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Oore yìí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, tí orí ọmọ tuntun wọ́ níṣojú mi, tí n kò sì la ẹnu.

Nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́ tí o ṣáná sí sìgá, o sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ kalẹ̀, o na ọwọ́ síta, o sì rò pé afẹ́fẹ́ ti gbé èéfín lọ. Èmi tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí ibi tí ó gbé e lọ. Abiyamọ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ fa etí ìborùn bo ojú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ sín lẹ́ẹ̀mejì, eérú sìgá bà lé ìyá lápá, ó sì gbọ̀n ọ́n dànù láìwí nǹkan kan. Ta ni yóò bá awakọ̀ wí lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹ̀mí gbogbo èrò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ìyọ̀ǹda.

Èéfín tí ìwọ ń fà gba inú òwú ìdí sìgá kọjá. Èyí tí ó ń rú lẹ́nu iná nígbà tí o kàn dì í lọ́wọ́ kò gba inú òwú kankan, bí ó ti rí ni ó ń wọ imú èrò. Àwọn onímọ̀ ka èròjà tí ó lé ní 7,000 nínú rẹ̀, nǹkan bí 70 sì lè fa jẹjẹrẹ. Ọmọ ọwọ́ a sì máa mí kíákíá ju àgbà lọ.

Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Ní ọdún kan náà, England àti Wales kà á léèwọ̀ nínú ọkọ̀ aládàáni pàápàá, bí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni ọ́, Àkànní, ọmọ ajagun tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Báwo ni ó ṣe wá di ìwọ tí ń ta èrò rẹ lọ́fà láti iwájú? Èmi ìbá fẹ́ kí o pa sìgá tì pátápátá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyẹn lè gba àkókò. Èyí tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò gba àkókò: má ṣe mu ún nínú ọkọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé ìwọ nìkan ni ó kù níbẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀ ti wọ aṣọ ìjókòó ṣinṣin, ẹni tí yóò wọlé lọ́la ni yóò fà á símú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni mo fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ rẹ náà ni n ó sì wọ̀. Jọ̀wọ́, fi ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi, níbi tí abiyamọ ọjọ́sí jókòó sí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n baba rẹ.